Kílọ́ọ̀ṣì ni ẹsẹ̀ máa kọ́kọ́ tẹ̀ ni, àbí búréèkì?

Okun o, gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn tó ń kọ́ mọ́tò wíwà lágbègbè wa nílẹ̀ Okun kì í yéé jiyàn lé lórí. Ẹni tó kọ́ ọmọ lórí pápá ilé-ìwé á ní, "Tó o bá fẹ́ dúró, kílọ́ọ̀ṣì ni kó o kọ́kọ́ tẹ̀ kí mọ́tò má baà kú." Ọmọ á fi sọ́kàn. Lọ́jọ́ tó bá wá gbé mọ́tò bọ́ sójú títì, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń fi Golf kó èrò láti Kàbà lọ sí Ìsánlú jókòó tì í, tó sì ṣe bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, ẹ̀gbọ́n á lọgun mọ́ ọn: "Gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì yẹn! Búréèkì ni kó o tẹ̀!" Ọmọ á wò rá rá, kò mọ ẹni tí ì bá gbọ́ràn sí lẹ́nu. Àwọn méjèèjì ló mọ mọ́tò wà, àwọn méjèèjì ló ti pẹ́ nídìí ẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ wọn ò jọra.

Kò sẹ́ni tó parọ́ nínú wọn. Ibi tí kálukú ti ń kọ́ni ló yàtọ̀. Lórí pápá, mọ́tò kì í kúrò ní gíà kìíní àti ìkejì. Lójú títì, ìkẹrin àti ìkarùn-ún ló sábà máa ń wà. Eré tí mọ́tò ń sá, àti gíà tó fi ń sá a, ló ń sọ èyí tí ẹsẹ̀ máa kọ́kọ́ tẹ̀. Ẹni tó bá sì mọ iṣẹ́ tí kílọ́ọ̀ṣì ń ṣe gan-an ò ní í wá òfin kankan há sórí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ ẹ́ńjìnnì. Bí ẹ bá ti síná sí i, ó gbọ́dọ̀ máa yí. Bí yíyí yẹn bá lọ sílẹ̀ jù, ó kú nìyẹn, àfi kẹ́ ẹ tún síná sí i. Ìwọ̀n yíyí tó kéré jù tó lè máa yí láìkú ni àwọn mẹkáníìkì ń pè ní sílò. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò kékeré, sílò máa ń wà láàárín ìgbà 700 sí 900 ní ìṣẹ́jú kan. Táyà ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ lè dúró pátápátá. Báwo wá ni ohun tí kò gbọ́dọ̀ dúró àti ohun tó gbọ́dọ̀ lè dúró ṣe máa wà nínú mọ́tò kan náà? Iṣẹ́ kílọ́ọ̀ṣì nìyẹn, àárín wọn ló wà.

Ẹni tó bá ti gbé ẹ̀gẹ́ tàbí ata lọ sí ìdí ẹ̀rọ ìlọ̀ rí á ti rí irú ẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ń dún lápá kan, ọlọ wà lápá kejì, bẹ́ẹ̀tì ló so wọ́n pọ̀. Bí wọ́n bá yọ bẹ́ẹ̀tì, ẹ́ńjìnnì á máa dún lọ, ọlọ á dúró. Nínú mọ́tò, pléètì ribiti kan ló ń ṣe iṣẹ́ bẹ́ẹ̀tì yẹn. Ojú rẹ̀ méjèèjì ni wọ́n fi láínìn bò, ohun tó máa ń di irin mú tí kì í jẹ́ kó yọ̀. Flywheel, irin ribiti wíwúwo tó wà lára ẹ́ńjìnnì, wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan, pressure plate, irin tó ní sípíríǹgì líle tó ń tì í, wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì, wọ́n há pléètì mọ́ àárín. Tí ẹsẹ̀ yín ò bá sí lórí kílọ́ọ̀ṣì, gbogbo wọn di ara wọn mú, ẹ́ńjìnnì àti táyà jọ ń yí. Tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ dé ìsàlẹ̀, sípíríǹgì á tú pléètì sílẹ̀, ẹ́ńjìnnì á máa yí ní tirẹ̀, táyà náà á máa yí ní tirẹ̀.

Nínú gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí, kò síbi tí kílọ́ọ̀ṣì ti dá nǹkan kan dúró. Búréèkì ló ń di táyà mú. Ohun tí kílọ́ọ̀ṣì ń ṣe nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ dúró ò ju pé kó gba ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ kí táyà tó ń dúró má baà pa á. Torí náà, ìbéèrè tó yẹ kéèyàn máa bi ara rẹ̀ ni pé, ẹ́ńjìnnì ti fẹ́ kú àbí kò tíì fẹ́ kú? Bí kò bá tíì fẹ́ kú, kí lẹ wá ń gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀?

Ìgbà wo ló máa ń fẹ́ kú? Ó wà lọ́wọ́ gíà. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò kékeré, tí ẹ́ńjìnnì bá wà ní sílò tẹ́ ẹ sì fi kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, gíà kìíní á máa wọ́ mọ́tò lọ ní nǹkan bíi kìlómítà 6 tàbí 7 ní wákàtí kan. Ìkejì á wà níbi 10 sí 12, ìkẹta níbi 16, ìkẹrin á lé díẹ̀ ní 20, ìkarùn-ún á máa lọ sí 30. Mọ́tò kan lè ju ìyẹn lọ tàbí kó dín díẹ̀, àmọ́ bó ṣe máa ń tẹ̀ léra nìyẹn. Ẹ ò rí i pé ẹni tó wà ní gíà karùn-ún lórí eré 80 ṣì ní àádọ́ta kìlómítà tó máa fi búréèkì dín kù kí ẹ́ńjìnnì tó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀. Ẹni tó wà ní gíà kìíní lórí eré 8 ò ní nǹkan kan tó máa dín kù. Bó bá ti fara kan búréèkì báyìí, mọ́tò kú. Ohun tó fà á nìyẹn tí olùkọ́ orí pápá fi ń pariwo kílọ́ọ̀ṣì, tí ẹ̀gbọ́n tó ń kó èrò sì ń pariwo búréèkì.

Ẹ jẹ́ ká mú un lójú títì ná. Ká ní ẹ ti kọjá Mopa, ẹ forí lé Ìsánlú, ẹ wà ní gíà karùn-ún lórí 80, ẹ wá rí àwọn sọ́jà níwájú tí wọ́n gbé igi dí ojú ọ̀nà. Ẹ gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún kúrò lórí tọ́tù, ìyẹn èyí tẹ́ ẹ máa ń tẹ̀ kí mọ́tò lè sáré. Ẹ má tíì tẹ nǹkan kan. Ẹ máa mọ̀ ọ́n lára pé ohun kan ń fa mọ́tò sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ni. Táyà ló ń yí i báyìí dípò kóun máa yí táyà, ó sì ń gbéra wúwo. Ẹ wá gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún yẹn sórí búréèkì, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́ lákọ̀ọ́kọ́, kó tó wá le sí i. Ọwọ́ mítà á máa bọ̀ nílẹ̀: 70, 60, 50. Ẹsẹ̀ òsì ṣì wà nílẹ̀ pẹrẹsẹ. Tó bá ń lọ sí 35, ohùn ẹ́ńjìnnì á ti wálẹ̀ di ohùn ìkùn, ibi tí ẹsẹ̀ yín fara lé á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, lífà gíà náà á máa gbọ̀n díẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì dé ìsàlẹ̀. Búréèkì ò kúrò níbi tó wà. Ẹ yọ gíà sí fírì, ibi tí kò ti sí nínú gíà kankan, kẹ́ ẹ rọra fi búréèkì sún mọ́ igi náà. Tí mọ́tò bá kù díẹ̀ kó dúró, ẹ dín bẹ́ ẹ ṣe tẹ búréèkì kù ní ìwọ̀nba kí orí èrò má baà fì síwájú, kẹ́ ẹ wá dúró. Ẹ lè kí wọn ní "Okun o" bó bá wù yín, àmọ́ ọ̀pọ̀ wọn kì í ṣe ará ibí, wọ́n kàn máa wò yín lójú ni.

Mítà tó ń ka eré kọ́ ló máa sọ fún yín pé àkókò kílọ́ọ̀ṣì ti tó. Etí àti àtẹ́lẹsẹ̀ ló máa sọ fún yín. Ẹni tó bá ń wo mítà kó lè mọ ìgbà tó máa tẹ kílọ́ọ̀ṣì á gbójú kúrò lójú ọ̀nà ní àkókò tí kò yẹ kó gbójú kúrò rárá.

Kí ló wá burú nínú kéèyàn tẹ kílọ́ọ̀ṣì látorí 80, kó sì máa fi búréèkì nìkan bọ̀? Mọ́tò á dúró, mi ò ní kò ní í dúró. Àmọ́ ẹ ti ju ohun tó ń bá yín fa mọ́tò sẹ́yìn nù, ẹ ti di gbogbo ẹrù lé búréèkì lórí. Bẹ́ ẹ bá sì dé ọ̀dọ̀ àwọn sọ́jà yẹn, tí wọ́n kàn juwọ́ sí yín pé kẹ́ ẹ máa lọ, ẹ ò sí nínú gíà kankan tó bá eré yín mu. Ẹ máa ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá gíà kiri ni, tírélà sì lè wà lẹ́yìn yín. Ẹni tó bá jẹ́ kí gíà wà níbẹ̀ títí di ìgbà tó yẹ á kàn wọ ìkejì tàbí ìkẹta, á sì gbéra.

Bó bá wá di ìrìn jẹ́jẹ́, ọ̀rọ̀ yí padà. Ẹ lọ sí ọjà Kàbà lọ́jọ́ tí ọjà bá kún. Ọ̀kadà ń gba àárín mọ́tò kọjá, ìyá kan gbé iṣu sórí ó ń bọ̀ láti ọ̀tún, ẹnì kan ń ti ọmọlanke níwájú. Gíà kìíní lẹ wà, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni ìkejì. Níbẹ̀, kílọ́ọ̀ṣì àti búréèkì á jọ wọlé pa pọ̀ ni, tàbí kí kílọ́ọ̀ṣì fi díẹ̀ ṣáájú. Bẹ́ẹ̀ náà ni tẹ́ ẹ bá ń fi rìfáàsì wọlé, tàbí tẹ́ ẹ bá ń páàkì sí ààyè tó há. Lórí irú eré bẹ́ẹ̀, ẹ́ńjìnnì ò tún lè bá yín fa nǹkan kan sẹ́yìn, ó ti wà ní sílò, kódà ńṣe ló ń ti mọ́tò síwájú. Bẹ́ ẹ bá ń tẹ búréèkì láìtẹ kílọ́ọ̀ṣì, ẹ kàn ń bá ẹ́ńjìnnì jà ni. Òfin olùkọ́ orí pápá tọ̀nà gan-an níbí. Àléébù kan ṣoṣo tó ní ni pé kì í sọ fún ọmọ pé òfin pápá ni.

Ipò kẹta tún wà, ìyẹn ni ìgbà tí ewu bá yọ lójijì. Ewúrẹ́ já wọ títì, tàbí agbo màlúù kan jáde látinú igbó nígbà tẹ́ ẹ ṣẹ́ kọ́nà tán. Ẹ má ronú kílọ́ọ̀ṣì rárá ní ìṣẹ́jú àáyá àkọ́kọ́. Lórí eré 80, mọ́tò ń jẹ nǹkan bíi mítà 22 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Àkókò tẹ́ ẹ fi ń wá ẹsẹ̀ òsì kiri, ẹ ti lo ìdajì rẹ̀. Búréèkì ni kẹ́ ẹ tẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára yín, kí kílọ́ọ̀ṣì wá tẹ̀ lé e. Kílọ́ọ̀ṣì yẹn ṣe pàtàkì torí pé táyà fẹ́ dúró lọ́gán, bí wọn ò bá sì pínyà, ẹ́ńjìnnì á kú mọ́ yín lọ́wọ́. Bí ẹ́ńjìnnì bá sì kú, ṣíárìn tẹ́ ẹ fi ń darí mọ́tò, tó fúyẹ́ tẹ́lẹ̀, á le, kẹ́ ẹ tó lè yà kúrò fún ewúrẹ́ á di wàhálà. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé ẹ gbàgbé kílọ́ọ̀ṣì tí mọ́tò sì kú, ẹ má bínú síra yín. Mọ́tò tó kú tó sì dúró sàn ju èyí tó ń ṣiṣẹ́ lọ tó sì kọlu nǹkan.

Tí mọ́tò yín bá ní ABS, búréèkì á máa ta yín lẹ́sẹ̀ kíkíkíkí tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ báyẹn. Ẹ má jẹ́ kó bà yín lẹ́rù, ẹ má sì gbẹ́sẹ̀ kúrò. Òun fúnra ẹ̀ ló ń dì í tó sì ń tú u kí táyà má baà gbá mọ́lẹ̀ kó máa yọ̀. Ọ̀pọ̀ mọ́tò àtijọ́ tó ń ná títì wa ò ní in. Nínú ìyẹn, bí táyà bá gbá tó ń yọ̀ ṣùì, ṣíárìn ò ní í gbọ́ràn mọ́, ẹ máa ní láti dẹ búréèkì díẹ̀ kẹ́ ẹ tún tẹ̀ ẹ́.

Ibi tó wá ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ti fírì lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ilẹ̀ olókè ni ilẹ̀ wa, láti Ìjùmú dé Bùnú dé Yàgbà, ẹ ò lè rìn jìnnà kẹ́ ẹ má gun òkè tàbí kẹ́ ẹ má sọ̀ kalẹ̀. Àtìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí owó epo fi fò sókè, mo ṣàkíyèsí pé dírẹ́bà tó ń yọ gíà sí fírì tó bá ti rí ìsọ̀kalẹ̀ ti pọ̀ sí i. Wọ́n ní àwọn ń fi epo pamọ́. Ọ̀dọ́ tó jókòó níwájú á rí i, á sì rò pé ọgbọ́n àgbà ni.

Ní ti epo yẹn gan-an, ó yí padà pẹ̀lú irú ẹ́ńjìnnì. Nínú mọ́tò oníkábúrétọ̀ àtijọ́, irú Peugeot 504 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná lọ́dún 1975, àlàyé wọn ṣì fẹ́rẹ̀ẹ́ lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀. Ẹ̀rọ ibẹ̀ ò gbọ́n tó láti mọ̀ pé ẹ ò fẹ́ epo. Àmọ́ mọ́tò tó ní ínjẹ́tọ̀, tó sì jẹ́ pé òun ló pọ̀ jù lójú títì báyìí, mọ̀ ọ́n. Tẹ́ ẹ bá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́tù nígbà tí gíà ṣì wà níbẹ̀, tí ẹ́ńjìnnì sì ń yí dáadáa ju sílò lọ, kọ̀ǹpútà inú ẹ̀ á ti epo pa pátápátá. Táyà ló ń yí ẹ́ńjìnnì lọ́fẹ̀ẹ́. Bẹ́ ẹ bá wá yọ ọ́ sí fírì, kò sí táyà tó ń yí i mọ́, ó wá di dandan kó máa mu epo tirẹ̀ kó má baà kú, èyí tó lè tó ìdajì lítà sí lítà kan bó bá fi wákàtí kan wà lórí sílò. Ẹni tó ń sọ̀ pẹ̀lú fírì nínú Golf oní-ínjẹ́tọ̀ ń jó epo lórí ìsọ̀kalẹ̀ tí ì bá ti sọ̀ láìjó nǹkan kan.

Epo ṣì kéré níbẹ̀. Búréèkì ni ọ̀rọ̀ wà. Bí gíà bá wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹ́ńjìnnì á máa fa mọ́tò sẹ́yìn jálẹ̀ ìsọ̀kalẹ̀, búréèkì á kàn máa ràn án lọ́wọ́ ni. Bó bá wà ní fírì, búréèkì nìkan ló ń dá ẹrù gbé, àti mọ́tò, àti èrò, àti àpò gààrí inú bùùtù. Gbogbo agbára eré yẹn ń di ooru lára páàdì búréèkì. Bó bá pẹ́, ooru á dé inú búréèkì-ọ́ìlì. Ọ́ìlì DOT 3 tí ọ̀pọ̀ ń lò kì í hó títí ooru á fi dé nǹkan bíi 205 ní ìwọ̀n Celsius nígbà tó ṣì tuntun. Àmọ́ ó máa ń fa omi látinú afẹ́fẹ́, bó bá sì ti pẹ́ nínú mọ́tò, ó lè máa hó láti nǹkan bíi 140. Bó bá hó, díẹ̀ nínú ẹ̀ á di afẹ́fẹ́ gbígbóná nínú páìpù. Ọ́ìlì kì í súnkì tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́, òun ló fi ń gbé agbára ẹsẹ̀ yín dé táyà. Afẹ́fẹ́ ní tirẹ̀ á súnkì. Ẹsẹ̀ á wọlẹ̀ wọ̀ọ̀, mọ́tò ò sì ní í dúró. Wọ́n á ní "búréèkì já." Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí nǹkan kan tó já níbẹ̀, wọ́n ti sè é jinná ni.

Àwọn kan tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á pa iná mọ́tò pátápátá lórí ìsọ̀kalẹ̀. Ohun tó ń mú kí búréèkì rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ yín ni hydrovac, ìfà afẹ́fẹ́ látinú ẹ́ńjìnnì ló sì ń ràn án lọ́wọ́. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti kú, ó ṣẹ́ ku bíi títẹ̀ kan tàbí méjì tó máa rọ̀, lẹ́yìn ìyẹn ẹ máa tẹ búréèkì bí ẹni tẹ àpáta. Bí ẹ bá sì lọ yọ kọ́kọ́rọ́, ṣíárìn lè ti ara ẹ̀ pa. Mi ò mọ iye epo téèyàn lè fi pamọ́ tó máa tó ìyẹn.

Ẹ wo àwọn tírélà sìmẹ́ńtì tó ń jáde láti Obajana. Dírẹ́bà tó mọṣẹ́ nínú wọn kì í dé àárín ìsọ̀kalẹ̀ kó tó wá gíà kékeré. Orí òkè ló ti máa wọ̀ ọ́, ẹ máa gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì tó ń bú ramúramù bó ṣe ń bọ̀. Èyí tó bá ń sọ̀ kalẹ̀ wọ́ọ́rọ́ láìdún, ẹ yà fún un. Òfin kan náà ni fún mọ́tò kékeré: gíà tẹ́ ẹ máa fi gun òkè náà ni kẹ́ ẹ fi sọ̀ kalẹ̀ ẹ̀, orí òkè sì ni kẹ́ ẹ ti wọ̀ ọ́.

Àwọn kan máa ń bi mí pé ṣé dandan ni kéèyàn máa já gíà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìkarùn-ún, ìkẹrin, ìkẹta, ìkejì, kó tó dúró. Rárá o. Ìgbà tí búréèkì mọ́tò ò lágbára ni wọ́n ń kọ́ni báyẹn. Páàdì iye díẹ̀ ni, kílọ́ọ̀ṣì owó gọbọi ni, búréèkì sì ni wọ́n ṣe láti dá mọ́tò dúró. Ẹ lè fi búréèkì mú un látorí ìkẹrin wá sí eré tí ìkejì lè gbé, kẹ́ ẹ wá wọ ìkejì tààrà. Gíà kìíní nìkan ni kẹ́ ẹ má wọ̀ nígbà tí mọ́tò ṣì ń sáré. Ó lè kọ̀ kó máa ké, bó bá sì gbà, ẹ́ńjìnnì á ta sókè lójijì.

Tẹ́ ẹ bá ti dúró tán, ẹ fi sí fírì, ẹ fa háńdì-búréèkì, ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì. Ọ̀pọ̀ ni kì í ṣe é. Wọ́n á wà ní gíà kìíní, wọ́n á tẹ kílọ́ọ̀ṣì mọ́lẹ̀, wọ́n á máa bá ẹni tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ ná owó. Release bearing, béárìn tó ń ti sípíríǹgì kílọ́ọ̀ṣì, ni wọ́n ń jẹ níyẹn, torí ìgbà tẹ́ ẹ bá tẹ kílọ́ọ̀ṣì ló máa ń ṣiṣẹ́ jù. Èyí tó tún burú jù ni kẹ́ ẹ wà lórí òkè, kẹ́ ẹ má lo búréèkì, kẹ́ ẹ máa fi kílọ́ọ̀ṣì àti tọ́tù gbé mọ́tò dúró kó má baà yí padà sẹ́yìn. Pléètì ń yọ̀ lójú irin ní gbogbo àkókò yẹn.

Mẹkáníìkì kan ní Kàbà gbé pléètì tó yọ jáde lára Golf kan fún mi wò. Láínìn tó yẹ kó ga ju ríbẹ́ẹ̀tì, ìṣó tó kàn án mọ́ pléètì, ti jẹ tán, orí ríbẹ́ẹ̀tì ló ń wò wá, wọ́n sì ti fa ojú flywheel ya ní ìlà ìlà. Ojú rẹ̀ ti dúdú, ó ń dán, ó ń rùn bí ohun tó jóná. "Bọ̀dá, ẹsẹ̀ ló jẹ ẹ́," ló sọ fún mi. Ẹni tó ni mọ́tò ò jiyàn. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kì í kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì, ó kàn máa ń gbé e síbẹ̀ lórí ìrìn gbogbo, bí ẹsẹ̀ bá sì kàn fara lé e díẹ̀, sípíríǹgì á dẹ̀ díẹ̀, pléètì á máa yọ̀. Ibi tẹ́sẹ̀ òsì ń gbé tí kò bá níṣẹ́ ni ilẹ̀.

Lórí òkè, háńdì-búréèkì ni kó di mọ́tò mú. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbéra, ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ẹ wọ gíà kìíní, ẹ fún un ní tọ́tù díẹ̀, kẹ́ ẹ jẹ́ kí kílọ́ọ̀ṣì gòkè títí iwájú mọ́tò á fi gbéra sókè ní ìwọ̀nba. Ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ tú háńdì-búréèkì. Ẹni tó bá mọ èyí ò ní í bẹ̀rù kí ọ̀kadà sún mọ́ ọn lẹ́yìn.

Ó wá ku páàkì. Lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé háńdì-búréèkì nìkan, wáyà ló ń fà á nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò wa, wáyà sì máa ń dẹ̀. Ẹ pa iná, kẹ́ ẹ fi gíà sílẹ̀ níbẹ̀: kìíní tí imú mọ́tò bá kọjú sókè, rìfáàsì tó bá kọjú sísàlẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tó ti kú á máa di táyà mú nípasẹ̀ kílọ́ọ̀ṣì. Ẹ wá òkúta tó nípọn kẹ́ ẹ fi há táyà lẹ́yìn tàbí níwájú, níbi tó lè yí sí. Tẹ́ ẹ bá padà dé, kí ọwọ́ tó kan kọ́kọ́rọ́, ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì dé ìsàlẹ̀, kí ẹsẹ̀ ọ̀tún sì wà lórí búréèkì. Gíà ṣì wà nínú ẹ̀, bẹ́ ẹ bá síná sí i láìtẹ kílọ́ọ̀ṣì, ó máa fò síwájú ni, tàbí sẹ́yìn tó bá jẹ́ rìfáàsì ló wà.